Òfin Tí Ó Fẹ́ Sọ Gbogbo Ènìyàn Di Ọdẹ: Ìtàn Boston, 1850 sí 1855

Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni a fẹ́ kí á jọ wò nínú ìwé wa tòní. Ìtàn tí a fẹ́ sọ kì í ṣe ti ilé, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ti ń kàwé yìí ni. Ìlú Boston ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni ó ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa ni a ti kà nípa òwò ẹrú ní ilé ẹ̀kọ́. A mọ orúkọ Abraham Lincoln, a sì mọ̀ pé ogun ni ó fi òpin sí oko ẹrú níhìn-ín. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni ti àwọn agbáwo, onígbàjámọ̀, aránṣọ àti oníwàásù tí wọ́n ti ń ja ìjà náà ní ojú pópó kí ogun tó dé. Ìjà wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ẹni tí ó ti sá kúrò lóko ẹrú padà sí ibẹ̀.

Kí á kọ́kọ́ mọ òfin tí wọ́n ń bá jà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wà níbẹ̀ pé bí ẹrú bá sá láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, kí wọ́n dá a padà fún olówó rẹ̀. Ní 1793 wọ́n ṣe òfin tí ó la ọ̀nà bí wọn yóò ṣe máa ṣe é. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá kò ka òfin náà sí, àwọn olówó ẹrú ní Gúúsù sì ń ké. Nítorí náà, ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1850, Ààrẹ Millard Fillmore fi ọwọ́ sí òfin tuntun tí ó le ju ti àtijọ́ lọ. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kàn pé ìsáǹsá ni kò lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Kò sí júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú méjìlá tí ń bá adájọ́ jókòó láti pinnu ẹjọ́. Kọmíṣọ́nnà kan ṣoṣo ni yóò dá a. Bí kọmíṣọ́nnà bá ní kí wọ́n dá ẹni náà padà sóko ẹrú, dọ́là 10 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ní kí ó máa lọ lómìnira, dọ́là 5 ni. Wọ́n ní ìwé tí kọmíṣọ́nnà ń kọ nígbà tí ó bá dá ènìyàn padà ni ó pọ̀ ju ti ìdásílẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ àwáwí!

Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé òfin náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó fún wọn láṣẹ láti pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí nítòsí pé kí ó wá bá wọn mú ìsáǹsá. Ẹni tí ó bá fi ìsáǹsá pamọ́, tàbí tí ó bá ràn án lọ́wọ́ láti sá, lè san owó ìtanràn tí ó tó dọ́là 1,000, kí ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní kúkúrú, òfin yìí fẹ́ sọ gbogbo ará ìlú di ọdẹ, kí aládùúgbò wọn sì di ẹran ìgbẹ́.

Ní Boston nígbà náà, àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju bí 2,000 lọ nínú ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 130,000. Ẹ̀gbẹ́ àríwá òkè tí wọ́n ń pè ní Beacon Hill ni púpọ̀ wọn ń gbé. Wọ́n ti kọ́ ilé ìjọsìn tiwọn síbẹ̀ láti 1806. Àwọn kan ni a bí ní òmìnira, àwọn kan ni ó ra ara wọn padà, àwọn kan sì ni ó sá wá. Bí òfin tuntun ṣe jáde, ọ̀pọ̀ di ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí Kánádà, nítorí òfin Amẹ́ríkà kò dé ibẹ̀. Àwọn tí ó kù pinnu pé àwọn kò ní lọ, àwọn kò sì ní jẹ́ kí wọ́n mú ẹnì kankan.

Ẹni tí a lè pè ní balógun wọn ni Lewis Hayden. Ìlú Lexington ní Kentucky ni wọ́n bí i sí, ẹrú ni láti inú oyún. Wọ́n ta ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ àti ọmọ wọn, kò sì tún fojú kàn wọ́n mọ́. Ní 1844, òun àti ìyàwó rẹ̀ kejì, Harriet, pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn, sá jáde. Wọ́n kọ́kọ́ dé Kánádà, ṣùgbọ́n wọ́n padà wá sí Boston. Hayden ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ, Harriet sì ń gba àwọn ènìyàn sílé. Nígbà tí Harriet Beecher Stowe, ìyá tí ó kọ ìwé Uncle Tom's Cabin, ṣe wọ́n lálejò ní 1853, ìsáǹsá 13 ni ó bá nínú ilé náà. Ẹ rántí pé Hayden fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìsáǹsá rí. Síbẹ̀ òun ni ó ń ṣáájú.

Àwọn òyìnbó kan náà dúró tì wọ́n. Lọ́yà, dókítà, oníwàásù àti oníṣòwò kóra jọ pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n dá ẹgbẹ́ aṣọ́nà sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti máa fura sí àwọn tí ń wá ènìyàn kiri, láti gba lọ́yà, láti wá owó ọkọ̀ àti aṣọ fún àwọn tí ń sá kọjá. Bí owó àti ìwé bá kan àwọn òyìnbó yìí, ibi tí ẹ̀mí àti ara ti wọ̀ ọ́, àwọn tí wọ́n lè mú gan-an ni ó sábà ń kọ́kọ́ débẹ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́ kò pẹ́ dé. Tọkọtaya kan wà ní Boston tí orúkọ wọn ń jẹ́ William àti Ellen Craft. Láti Macon ní Georgia ni wọ́n ti sá ní oṣù kejìlá, 1848. Ellen funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè pè é ní òyìnbó. Ó gé irun rẹ̀, ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó dé fìlà gíga, ó sì fi aṣọ gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ́rùn bí aláìsàn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kí ó fọwọ́ sí ìwé, nítorí kò mọ̀ ọ́n kọ. William ń tẹ̀ lé e bí ìránṣẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi ní ọ̀sán gangan títí wọ́n fi dé Philadelphia ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ní oṣù kẹwàá, 1850, àwọn ọdẹ ènìyàn méjì dé láti Georgia láti wá mú wọn. Hayden gba William sí ilé rẹ̀, ó gbé àgbá ẹ̀tù ìbọn sílẹ̀, ó ní bí wọ́n bá wọlé, òun yóò ti iná bọ̀ ọ́, kí gbogbo àwọn jọ bá a lọ. Kò sí ẹni tí ó wọlé. Àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ aṣọ́nà sì ń pe àwọn ọdẹ náà lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn oríṣiríṣi: lónìí ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́, lọ́la ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ jí ènìyàn gbé. Èrò ń tẹ̀ lé wọn kiri ìgboro, wọ́n ń hó lé wọn lórí. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. William àti Ellen wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ 15, oṣù kejì, 1851, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ ilé oúnjẹ kan ní Boston, wọ́n ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ jẹun. Agbáwo tí ó gbé oúnjẹ wá fún wọn ni wọ́n wá mú. Shadrach Minkins ni orúkọ rẹ̀. Láti Norfolk ní Virginia ni ó ti sá ní ọdún tí ó ṣáájú. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ní ọrùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ kíákíá. Bí wọ́n ti sún ẹjọ́ síwájú, tí ilẹ̀kùn kóòtù sì ṣí kí lọ́yà lè jáde, ọ̀wọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ya wọlé, Hayden wà nínú wọn. Wọ́n gbé Minkins sókè, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n sì dà wọ́ ojú pópó. Obìnrin opó kan, Elizabeth Riley, ni ó fi í pamọ́ sí àjà ilé rẹ̀. Láti ibẹ̀ Hayden gbé e jáde nílùú, wọ́n gbé e láti ilé dé ilé, ó gba Concord, ó gba Leominster, títí ó fi dé Montreal ní Kánádà. Ibẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́, tí ó fẹ́ ìyàwó, tí ó bímọ, tí ó sì kú sí ní 1875.

Inú bí ìjọba àpapọ̀. Ààrẹ Fillmore kéde pé kí wọ́n mú gbogbo ẹni tí ó lọ́wọ́ sí i. Wọ́n pe Hayden lẹ́jọ́, wọ́n pe Robert Morris lẹ́jọ́, ìyẹn lọ́yà aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà, wọ́n sì pe àwọn mìíràn. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n rí dá lẹ́bi. Nígbà mìíràn júrì kò fohùn ṣọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn júrì náà jẹ́wọ́ fún Richard Henry Dana, lọ́yà tí ó gbèjà wọn, pé òun gan-an wà lára àwọn tí ó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé Minkins sá lóru. A kò ní rẹ́rìn-ín púpọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kò dára bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó kàn.

Thomas Sims ni ó kàn, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Savannah ní Georgia. Wọ́n mú un ní oṣù kẹrin, 1851. Ìjọba ti kọ́gbọ́n lára ti Minkins. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin yí ilé ẹjọ́ po, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adájọ́ pàápàá ní láti tẹ̀ ba kí wọ́n tó lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Leonard Grimes, àlùfáà ìjọ tí àwọn ìsáǹsá pọ̀ sí jù, gba ọ̀dọ̀ Sims lọ, wọ́n sì pète pé kí ó fò láti ojú fèrèsé sórí ibùsùn tí wọn yóò tẹ́ sílẹ̀. Kí alẹ́ tó lẹ́, wọ́n ti fi irin dí fèrèsé náà. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ 12, oṣù náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá tí ó mú idà lọ́wọ́ yí i ká, wọ́n mú un wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó dé Savannah, wọ́n nà án ní gbangba. Àwọn tí ó fẹ́ gbà á wà létí omi lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń sunkún, ọwọ́ wọn kò sì ká a.

Ẹjọ́ tí ó mi ilẹ̀ jù lọ ni ti Anthony Burns ní 1854. Burns kò ju bí ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ti kọ́ ìwé kíkà ní ìkọ̀kọ̀, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi sá láti Richmond ní Virginia. Ó rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Boston. Ẹ wo ohun tí ó tú u fó, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọkàn ilé ṣe ń rí: lẹ́tà ni ó kọ sí arákùnrin rẹ̀ tí ó ṣì wà lóko ẹrú. Ó fi ọgbọ́n rán an gba Kánádà, kí òǹtẹ̀ Kánádà lè wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọ orúkọ Boston sínú lẹ́tà náà. Ọwọ́ olówó rẹ̀, Charles Suttle, ni lẹ́tà náà bọ́ sí.

Wọ́n mú Burns ní alẹ́ ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún. Wọ́n parọ́ fún un pé wọ́n fẹ́ bi í léèrè nípa olè tí ó jà ní ṣọ́ọ̀bù kan. Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, ó bá Suttle níbẹ̀. Suttle kí i, Burns sì dá a lóhùn. Òfin sọ pé Burns kò lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó fi ẹ̀rù sọ ní alẹ́ náà ni kọmíṣọ́nnà Edward Loring wá fi ṣe ẹ̀rí láti dá a lẹ́bi.

Ní alẹ́ ọjọ́ 26, ìpàdé ńlá ń lọ ní gbọ̀ngàn Faneuil Hall, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bíi Wendell Phillips àti Theodore Parker sì ń sọ̀rọ̀. Níta ilé ẹjọ́, Hayden àti àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, pẹ̀lú oníwàásù òyìnbó kan, Thomas Wentworth Higginson, gbé ìtì igi, wọ́n fi ń lu ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí àwọn ará ìpàdé ti dé láti kún wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́. Ilẹ̀kùn yà díẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan àti Higginson ni ó kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ṣá Higginson ní àgbọ̀n. Nínú ìjà náà, wọ́n pa ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, James Batchelder. Ẹ̀mí ènìyàn ni, a kò gbọdọ̀ fò ó dá. Wọ́n lé àwọn agbanisílẹ̀ padà.

Grimes tún gba ọ̀nà mìíràn. Ó rìn láti ilé dé ilé, ó sì kó dọ́là 1,200 tí Suttle ní òun yóò gbà jọ. Lọ́yà ìjọba àpapọ̀ ni ó dí i lọ́wọ́, nítorí ìjọba ń fẹ́ kí ayé rí i pé òfin náà ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, wọ́n mú Burns la ìgboro kọjá lọ sí etí omi láàárín sójà tó ní ìbọn àti àgbá ogun. Àwọn tí ó jáde wò ó tó 50,000. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo ojú ilé, wọ́n sì gbé pósí kọ́ sókè ojú pópó bí ẹni pé òmìnira ni ó kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni ìjọba ná kí ó tó lè dá ọmọkùnrin kan ṣoṣo padà sóko ẹrú.

Bí a bá dúró síbí, a ó ní ìjọba ni ó ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ síwájú. Àwọn oníṣòwò Boston tí wọ́n ń jẹ lára òwú Gúúsù, tí wọ́n ti ń sọ pé òfin ni òfin, rí ohun tí òfin náà jẹ́ gan-an ní ojú pópó wọn lọ́jọ́ náà. Amos Lawrence, ọ̀kan nínú wọn, kọ̀wé pé àwọn tí kò bá ọ̀rọ̀ náà lọ tẹ́lẹ̀ ti yí padà lóru ọjọ́ kan. Ní 1855, ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe òfin tí ó fún ẹni tí wọ́n bá mú ní ẹ̀tọ́ sí júrì, tí ó sì ka á léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ láti bá wọn mú ìsáǹsá. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Harvard kò jẹ́ kí Loring máa kọ́ni ní òfin mọ́, nígbà tí ó sì di 1858, wọ́n yọ ọ́ kúrò nípò adájọ́ tí ó wà. Grimes kò sinmi: ní 1855 kan náà ó fi dọ́là 1,300 ra Burns padà. Burns lọ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Oberlin, ó di àlùfáà ní St. Catharines ní Kánádà, ó sì kú níbẹ̀ ní 1862. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò tún rí ìsáǹsá kan mú padà láti Massachusetts mọ́. Òfin náà wà nínú ìwé títí wọ́n fi fà á ya ní 1864, ṣùgbọ́n ní Boston ó ti kú ṣáájú.

Ohun tí a fẹ́ kí á mú jáde níbẹ̀ nìyí. Òfin burúkú kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó ń lò. Minkins bọ́, Sims àti Burns kò bọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí àwọn ènìyàn kọ̀ láti fún òfin náà lọ́wọ́, owó rẹ̀ ń wọ́n sí i. Àwọn tí kò ní ààbò rárá ni ó sì kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí àwọn ìwé ìtàn bá ń ka orúkọ, orúkọ Phillips àti Parker ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà. Ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ti Hayden, Grimes, Morris àti opó tí ń jẹ́ Elizabeth Riley ṣáájú.

Ẹlòmíràn nínú wa lè béèrè pé, kí ni ó kàn wá? Ọ̀rọ̀ ìsáǹsá kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í sá láti àwọn ìlú òkè lọ síbẹ̀, àwọn olówó wọn sì ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá wọn padà. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó ba àárín Èkó àti Abẹ́òkúta jẹ́. Ní àkókò kan náà, àwọn tí a kó lẹ́rú nínú ogun ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń rékọjá òkun lọ sí Cuba. Nínú ìran wa, a rí ẹni tí wọ́n tà, a sì rí ẹni tí ó tà. Nítorí náà, bí a bá ń ka ìtàn Boston, kí á má ṣe yára gbà pé ẹ̀gbẹ́ Hayden ni gbogbo wa ì bá dúró sí. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ léèrè, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ní kí á wá tọ́ka sí aládùúgbò wa.

Ohun kan ló kù tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ tààrà. Lewis Hayden wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts ní 1873, ó sì kú ní 1889. Nígbà tí Harriet ìyàwó rẹ̀ náà kú ní 1893, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí owó òun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard, láti fi ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Obìnrin tí wọ́n bí sóko ẹrú ni ó san owó ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ rí. Ilé wọn ṣì wà ní Phillips Street, ilé ìjọsìn 1806 náà sì wà nítòsí, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí ó bá ń gba Boston kọjá, kí ó yà síbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí sì ni ó kọ́kọ́ nà jáde.